Bí maikirosikópù ṣe ń ya àwọ̀ tó jọra sọ́tọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè

Bí èèyàn bá gbé sẹ́ẹ̀lì sábẹ́ maikirosikópù lásán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan, torí ńṣe ló mọ́ gaara bí omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi purotéènì tó ń tàn sínú rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni GFP, tí Osamu Shimomura kọ́kọ́ rí lára ẹ̀dá inú òkun kan, Aequorea victoria, lọ́dún 1962. Wọ́n á tan léésà búlúù sí i, òun náà á sì tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé padà, èyí tó máa ń le jù ní nǹkan bíi nánómítà 509 (nánómítà ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, òun ló ń sọ àwọ̀ tó jẹ́). Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú kámẹ́rà á dí búlúù, á jẹ́ kí àwọ̀ ewé kọjá. Ó tán.

Ìyọnu dé nígbà tí wọ́n bá fi YFP kún un, ìbátan GFP tó ń tàn rúsúrúsú. Tirẹ̀ ń le jù ní nǹkan bíi 527. Ìmọ́lẹ̀ méjèèjì wọnú ara wọn. Ta ló ti rí asẹ́ tó ń ya gààrí funfun kúrò lára gààrí pupa, nígbà tí hóró wọn dọ́gba?

Maikirosikópù tó ń ya irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kì í fi asẹ́ sẹ́ ìmọ́lẹ̀, ńṣe ló ń tú u ká bí òṣùmàrè. Lára àwọn kan, ojú 32 ló tò lẹ́sẹẹsẹ láti kà á, kálukú pẹ̀lú nánómítà bíi 10 tirẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì tó ní GFP nìkan, èyí tó ní YFP nìkan, àti èyí tí kò ní nǹkan kan, torí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ náà máa ń tàn díẹ̀.

Ká ní àwọn àwòrán yẹn fi hàn pé ìwọ̀n GFP kan ń fún ojú kan ní 10, ó ń fún ojú kejì ní 5; ti YFP sì jẹ́ 2 àti 10. Bí ibì kan nínú àwòrán bá mú 22 àti 20 wá, kọ̀ǹpútà á rí i pé ìwọ̀n GFP méjì àti YFP kan ló wà níbẹ̀. Ìṣirò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Pípọ̀ rẹ̀ ló ń fẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ibi tó ti ń dunni ni pé ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n pín sọ́nà 32 kì í tó ẹnì kankan. Wọ́n lè fi kún agbára léésà lóòótọ́, àmọ́ àwọ̀ á ṣá, ọ́síjìn olóró á sì máa dìde nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti rọra tọ́jú sínú ooru 37°C. Ẹni tó mọṣẹ́ á kúkú gba àwòrán tó ṣú díẹ̀, bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ṣì ń pín ara rẹ̀ sí méjì lọ́jọ́ kejì.