Bí Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Ní Iná Nínú Ṣe Di Mímọ̀

Ní Kétu, nígbà tí òjò bá ti rọ ilẹ̀ dáadáa, ẹni tí ó bá gba Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, kọjá lálẹ́ lè rí tanátaná tí ń ṣẹ́jú láàárín koríko, ọmọdé a sì máa mú un sí àtẹ́lẹwọ́ láìbẹ̀rù pé yóò jó òun. Pé kì í jóni kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó pẹ́ kí aráyé tó mọ̀ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá, nítorí kòkòrò yìí kò ní òwú, kò sì gbóná bí àtùpà.

Ọ̀dọ̀ Hennig Brand, ará Hamburg ní Jámánì, ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ní 1669, ó ń wá wúrà nínú ìtọ̀ ènìyàn (ojúkòkòrò náà a máa ṣe aráyé lóore nígbà mìíràn). Ó se ìtọ̀ náà títí ó fi gbẹ, ó fi iná líle jó ohun tó ṣẹ́kù, kò rí wúrà, ṣùgbọ́n ó rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ń tàn nínú òkùnkùn. Brand rí ìmọ́lẹ̀, kò rí ìdí rẹ̀. Robert Boyle, tí wọ́n bí ní Ireland, ti sún mọ́ ìdí náà ní ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ṣáájú: ó gbé igi jíjẹrà tí ń tàn sínú ìgò, ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, igi náà ṣókùnkùn, ó dá afẹ́fẹ́ padà, igi náà tún tàn.

Ní tèmi, Raphaël Dubois, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìmọ̀ yìí gan-an. Ní 1885, ó mú ẹ̀yà ara tí ń tàn lára kòkòrò Pyrophorus, ó lọ̀ ọ́ mọ́ omi tútù. Omi náà tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú. Ó lọ òmíràn mọ́ omi gbígbóná, èyí kò tàn rárá. Nígbà tí èyí tutù, ó dà á mọ́ omi àkọ́kọ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kú, ìmọ́lẹ̀ sì tún yọ láti inú omi méjì tí ọ̀kankan nínú wọn kò tàn mọ́. Ó hàn báyìí pé nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan a máa tán bí ó ti ń tàn, ooru kò sì bà á jẹ́; èkejì ni ó ń mú un ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ooru a máa pa á. Nígbà tí ó tún rí irú rẹ̀ lára ẹran òkun oníkarahun kan ní 1887, ó pe ti àkọ́kọ́ ní luciférine, ó pe èkejì ní luciférase, orúkọ tí ó sì wà títí di òní nìyẹn.

Bí luciférine bá dà pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, agbára tí ó tú sílẹ̀ kì í di ooru tán. Apá kan nínú rẹ̀ a gbé mólékù tuntun tí ó jáde sí ipò agbára gíga tí kò lè dúró sí, bí mólékù náà bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni agbára náà ń dà.

Láìpẹ́, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà kò nílò kòkòrò mọ́. H. O. Albrecht kọ̀wé ní 1928 nípa bí luminol, kẹ́míkà kan tí a ṣe lọ́wọ́, ṣe ń tàn. Irin inú ẹ̀jẹ̀ a máa mú un tàn, ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí ọ̀ràn fi ń fi wá ẹ̀jẹ̀ tí a ti nù kúrò nílẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣẹ́ kí ó tó tàn níbi àríyá alẹ́, ní Àjàṣẹ́ tàbí níbòmíràn, wá láti inú iṣẹ́ tí Edwin Chandross bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, tí Michael Rauhut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì mú dára sí i: ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rọ́bà náà, bí ó bá ti fọ́, omi kẹ́míkà méjì a pàdé, aró tí wọ́n fi sí i ni yóò sì sọ bóyá àwọ̀ ewé ni yóò tàn tàbí pupa.

Síbẹ̀, tanátaná kò tíì parí iṣẹ́. William McElroy, ní Baltimore, ń sanwó fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa bá a mú un wá, ní 1947 ni ó sì fi hàn pé kòkòrò náà kò lè tàn láìsí ATP, kẹ́míkà tí ń gbé agbára nínú ara, èyí tí ó wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là láti mọ̀ bóyá kòkòrò àìfojúrí ṣì wà lára ohun èlò ilé oúnjẹ: wọn a nu ojú rẹ̀, wọn a fi luciférine àti luciférase sí ohun tí wọ́n nù, ẹ̀rọ a sì wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bá yọ.