Fèrè ọdẹ àti ajá tí ẹ̀ ń nà

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló pè mí láti Ìjàpọ̀ àti Alágbàkà l'Ákùúrẹ́, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: "Ẹ̀gbọ́n, ajá mi ò gbọ́ tèmi mọ́, tí n bá pè é ńṣe ló ń sá." Mo bi wọ́n pé ìgbà tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gẹ́ètì tó sì padà wálé, kí ni wọ́n ṣe fún un? Gbogbo wọn ní àwọ́n nà án kó lè gbọ́n ni. Háà! Ajá ò mọ̀ pé torí òun jáde lẹ ṣe ń na òun o, ohun tó mọ̀ ni pé òun dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì dun òun. Ẹ tún wá ń pè é, ẹ ń retí pé kó wá.

Wọ́n á tún máa pa á lówe fún mi pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ ló bí mi, n'Ídànrè, mo mọ fèrè ọdẹ. Bàbá mi kì í na ajá wọn. Tí wọ́n bá fọn fèrè, tí ajá yọ látinú igbó, ẹran gbígbẹ bíńtín ti wà lọ́wọ́ wọn, kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì ó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo lọ kọ́ṣẹ́ ajá kíkọ́ n'Ìbàdàn fọ́dún mẹ́rin, ohun kan náà ni mo bá níbẹ̀, àfi pé wọ́n tún dárúkọ Pavlov fún wa, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904, òun ló fi hàn pé itọ́ á ti máa yọ lẹ́nu ajá tó bá ti gbọ́ ohun tó máa ń ṣáájú oúnjẹ ẹ̀.

Ẹ bọ ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, bó bá ti yíjú báyìí, ẹ fún un, ẹ má dúró dìgbà tó bá dé. Inú yàrá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà àgbàlá, ìta ló kẹ́yìn, kí okùn gígùn sì wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ pè é láti wẹ̀ ẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ pè é láti tì í mọ́ kéèjì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ rìn lọ bá a.

Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé kẹ́ ẹ po ẹ̀tù ìbọn àti ata mọ́ oúnjẹ ajá kó lè burú, inú wọn ló ń bí mi jù. Májèlé ni ẹ̀tù! Lọ́nà Ọ̀bà-Ilé, wọ́n fi irú ẹ̀ bọ́ Alsatian kan láti kékeré, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sántòru, ọmọ onílé, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ mú bọ́ọ̀lù ẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ajá bù ú jẹ lápá. Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ń jó irun ajá náà pé àwọn fẹ́ fi sójú ọgbẹ́. Mo figbe ta. Omi àti ọṣẹ ni, ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn ẹ̀ ọsibítù, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí tí dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló kù. Ajá yẹn ò gba abẹ́rẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó pé ọmọ oṣù mẹ́ta ló yẹ kó ti gbà á!

Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé, ara ẹ̀ yá. Dókítà ẹranko ṣọ́ ajá fọ́jọ́ 10, kò ní àrùn, ni mo bá ní kí wọ́n má pa á, mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Oṣù márùn-ún ló gbà mí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó fi ikùn wọ́lẹ̀ wá ni, ọwọ́ òsì mi ló sì tẹjú mọ́, bóyá ẹgba wà níbẹ̀.