Ariwo Kì í Lé Oorun Lọ Lójú Awakọ̀

Awakọ̀ tó bá gbéra ní Zuba lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tó dorí kọ Lọ́kọ́ja, kì í sábà kọjá Abaji kí ìpéǹpéjú rẹ̀ tó máa wúwo. Ohun mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣe nígbà náà: wọn a wa gíláàsì sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn lójú, wọn a yí fújì sókè, wọn a sì ju gbàǹja sẹ́nu. Méjì àkọ́kọ́ kò lágbára tó bí a ṣe gbà gbọ́, ìgbàgbọ́ yẹn sì ń pa ènìyàn.

Nínú òpó ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni ibi tó ń ta ara jí wà. Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ méjì, Giuseppe Moruzzi àti Horace Magoun, fi hàn ní ọdún 1949 pé bí a bá fi iná mànàmáná díẹ̀ tọ́ ibẹ̀ lára ológbò tí wọ́n ti fi oògùn mú sùn, ìgbì ọpọlọ rẹ̀ yóò di ti èyí tó lajú. Ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí awọ ara sì mọ̀ ń ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí tírélà bá fọn fèrè lójijì, àyà awakọ̀ a já, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a sì làágùn lórí síárìn. Ṣùgbọ́n ohun tí kò yí padà kì í pẹ́ sú ọpọlọ. Títì gbọọrọ, ìró táyà, atẹ́gùn kan náà, àní fújì tó ń dún kíkankíkan pàápàá, gbogbo wọn a di ohun tí kò kà sí mọ́.

Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá pẹ́ lọ́rùn ẹni, olówó a rán ológò sílé rẹ̀. Ológò a jókòó síbi àbáwọlé, a máa bú onígbèsè, a máa pa adìẹ rẹ̀ jẹ, kò sì ní dìde títí owó yóò fi pé. Ológò oorun ni èròjà tí wọ́n ń pè ní adenosine. Láti ìgbà tí ènìyàn ti jí láàárọ̀ ló ti ń kó jọ nínú ọpọlọ, oorun nìkan ló sì ń san án. Fújì tí a yí sókè dà bí ìlù tí a lù fún ológò: ó lè gbórí sókè, ó tilẹ̀ lè jó díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti mọ́ ọn létí tán, orí ìjókòó rẹ̀ lẹ ó bá a. Ọgbọ́n ńlá ni pé ara kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oorun. Àléébù ibẹ̀ ni pé ariwo ń mú kí awakọ̀ rò pé òun ti jí pátápátá, nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ lè sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 4 láìjẹ́ pé ó mọ̀. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ yóò ti rìn tó 110 mítà, ìyẹn ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ, láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbàǹja, tí àwọn Hausa ń pè ní goro, yàtọ̀. Èròjà caffeine inú rẹ̀ kì í san gbèsè. Àga tí adenosine ì bá jókòó sí ló ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyí tó fi dára kí awakọ̀ tó ń tòògbé yà sí ilé epo tí ààbò wà ní Gwagwalada tàbí Abaji, kó jẹ gbàǹja rẹ̀, kó sì sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Oorun ráńpẹ́ yẹn yóò san díẹ̀ lára gbèsè, ìgbà tí yóò sì fi lajú ni gbàǹja ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.