Gírántì ìwádìí ẹranko ìgbẹ́: kí ni owó náà ń sanwó fún?

Gírántì ìwádìí ni owó tí ìjọba, àjọ kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan gbé kalẹ̀ kí olùwádìí lè fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan, láàrin àkókò tí wọ́n dá, lórí àwọn nǹkan tí wọ́n ti jọ kọ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, nítorí ẹni tó ná an bó ṣe ṣàdéhùn kò ní dá kọ́bọ̀ padà. Kì í sì í ṣe ẹ̀bùn: èyí tó bá ṣẹ́kù, tàbí èyí tí wọ́n ná síbi tí kò sí nínú àdéhùn, olówó lè béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ní Òṣogbo pé olùkọ́ yunifásítì kan gba mílíọ̀nù mẹ́ta láti lọ máa wo ọ̀bọ, wọ́n á ní Ọlọ́run ti ṣe é fún un. Àmọ́ owó náà kì í sábà wọ àpò rẹ̀. Àkáǹtì yunifásítì ló ń wọ̀, ọ́fíìsì bọ́sà ló ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo èyí tó bá sì jáde gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì.

Àwọn tó ń yẹ ìwé ìbéèrè owó wò kì í fi àlàyé dídùn ojú ewé àkọ́kọ́ mọ ẹni tí iṣẹ́ náà yé. Ìṣúná ni wọ́n ń lọ wò, ìyẹn bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè ìwádìí tí a fi owó kọ ni ìṣúná. Ẹni tó bá kà á gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí olùwádìí yóò máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni mélòó, fún ọjọ́ mélòó. Bí kò bá lè sọ ọ́, ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kò tíì dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀bọ inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. “Ṣé ọ̀bọ ibẹ̀ ń pọ̀ sí i ni àbí wọ́n ń dín kù?” Ìbéèrè yìí dùn létí, ṣùgbọ́n gírántì ọlọ́dún kan kò lè dáhùn rẹ̀, torí iye tí a kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá nǹkan ń lọ sókè tàbí ó ń wá sílẹ̀. Èyí tó ṣe é dáhùn ni: “Ọ̀bọ mélòó ló wà níbẹ̀ lọ́dún yìí, ṣé inú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n sì ń gbé jù, tàbí ẹ̀bá ọ̀nà tí àlejò ń gbà?”

Bí a ṣe ń kà wọ́n rèé. A ó yan àwọn ipa ẹsẹ̀ kan nínú igbó, a ó máa rìn wọ́n ní òwúrọ̀, láti bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́wàá ààbọ̀, nǹkan bíi kílómítà kan ní wákàtí kan, ká má baà lé àwọn ẹranko sá. Ọ̀wọ́ ọ̀bọ tí a bá rí, a ó kọ iye wọn sílẹ̀, a ó sì fi ẹ̀rọ wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí ipa náà tó. Ìṣirò tó ń sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí di iye gbogbo ọ̀bọ inú igbó ń fẹ́ kí a ti rí ọ̀wọ́ tó 60 sí 80 kí ó tó ṣe é gbọ́kàn lé. Ká ní ìrìn àyẹ̀wò ti fi hàn pé ọ̀wọ́ méjì là ń rí láàárọ̀ kan. Láti rí 60, a nílò òwúrọ̀ 30. Òjò yóò ba àwọn kan jẹ́, nítorí náà a fi mẹ́fà kún un, ó di 36. Ẹni mẹ́ta ló ń rìn: olùwádìí, olùrànlọ́wọ́ kan, àti ẹnì kan tó mọ igbó náà bí ẹní mowó. 36 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 108. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ẹni mẹ́ta fún òwúrọ̀ 36, ìyẹn ìgbà 108, ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná. Ẹni tó bá kọ “ọkọ̀ àti oúnjẹ: ₦500,000” láìsí 36 × 3 níwájú rẹ̀, iye tó wù ú ló kọ, àwọn ayẹ̀wéwò sì mọ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ìwé náà sọ láìfi pamọ́. Níbòmíràn, olùwádìí máa ń la ipa tuntun tó tọ́ gbọnrangandan kọjá láàrin igbó. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gé igi. Ipa tí àwọn ènìyàn ti ń rìn tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù, ọ̀bọ tó sì ti mọ ènìyàn lójú yóò pọ̀ lẹ́bàá rẹ̀ ju bó ṣe pọ̀ nínú igbó lọ. Iye tí a bá kà yóò ga ju òótọ́ lọ bí a kò bá rò ó mọ́ ìṣirò. Kíkọ irú èyí sílẹ̀ kì í ba ìwé jẹ́. Àìkọ ọ́ ló ń bà á jẹ́.

Ẹ wá wo ẹni tó béèrè ìbéèrè kan náà nípa ọ̀bọ, ṣùgbọ́n tí ìṣúná rẹ̀ kún fún kámẹ́rà 10, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí igi tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ bí ẹranko bá kọjá. Orí igi ni ọ̀bọ ń gbé, ilẹ̀ sì ni kámẹ́rà náà ń wò. Ẹtu, òkété àti ẹtà ni yóò máa yà. Ìwé náà yóò padà sílé láìgba kọ́bọ̀, kì í ṣe torí pé kámẹ́rà wọ́n, bí kò ṣe pé ìbéèrè ń lọ sí ìlà oòrùn, ìṣúná ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn.

Bó bá jẹ́ ẹtu àti òkété gan-an là ń wá, kámẹ́rà dára púpọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ kò parí sórí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo bátìrì kékeré mẹ́jọ. Kámẹ́rà 10 jẹ́ bátìrì 80, bí a bá sì fẹ́ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, 160. Káàdì ìrántí méjì fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan máa wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí a bá gbé èkejì lọ sí ilé. Àpótí irin àti wáyà tó ní kọ́kọ́rọ́ nítorí olè. Àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, nítorí lẹ́ǹsì máa ń bu nígbà òjò. Ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 sókè ilẹ̀ la ń so ó fún ẹranko tó kéré bí ẹtu. Bí a kò bá gé koríko tó wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, atẹ́gùn á máa mì ín, ẹ̀rọ á máa ya koríko títí bátìrì á fi kú. Èèrà náà máa ń tẹ́ ìlú sínú àpótí. Ẹ̀rọ 10 fún ọjọ́ 30 yẹ kó jẹ́ ọjọ́ kámẹ́rà 300 lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí kì í ṣèlérí 300, nítorí méjì tàbí mẹ́ta yóò dákẹ́ láàrin oṣù.

Ìwé àṣẹ kò gba owó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, òun ló sì ń dá iṣẹ́ dúró jù. Igbó Ọ̀ṣun wà lábẹ́ National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí náà lẹ́tà àṣẹ wọn kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, àti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ní láti mọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó bá ti dé, bí kò ṣe kí a tó kọ ìwé. Èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa nínú igbó náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí lórí ẹja odò Ọ̀ṣun, pàápàá nísinsìnyí tí wíwa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi náà di pupa, kó lọ gbé àwọ̀n rẹ̀ sí ibòmíràn lójú odò, kó sì fi omi àti ẹrẹ̀ nìkan ṣe àyẹ̀wò nínú igbó. Bí a bá fẹ́ kó ẹ̀yà ara ẹranko tí òfin àgbáyé dáàbò bò jáde kúrò ní Nàìjíríà, ìwé CITES, ìyẹn ìwé àṣẹ lábẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ń bọ̀ láti Àbújá. Igbó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣọ́, bíi Ṣáṣà, ní ọ́fíìsì tirẹ̀. Ọdún Ọ̀ṣun sì ń gba nǹkan bí ọjọ́ 12 láàrin oṣù keje àti ìkẹjọ. Ẹni tó fi ìrìn rẹ̀ sí àsìkò yẹn, èrò ni yóò kà.

Níbo ni owó wà? Ní Nàìjíríà, TETFund, àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ni ó tóbi jù fún yunifásítì. Inú owó orí tí wọ́n ń gbà lórí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ló ti ń wá, ó sì ní ìpele méjì fún ìwádìí. Èkíní jẹ́ kékeré: ìgbìmọ̀ ìwádìí yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Èkejì, National Research Fund, tóbi gan-an. Ìwé kúkúrú la ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Bó bá wọlé, ká kọ ìwé kíkún. Lẹ́yìn náà, ká lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ láti dá wọn lóhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni TETFund wà fún. Olùkọ́ UNIOSUN, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lè béèrè, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fountain University tó wà nínú ìlú Òṣogbo kan náà kò lè béèrè, torí yunifásítì aládàáni ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ PhD lè wo gírántì tí Nigerian Conservation Foundation ń fún ní orúkọ Olóyè S. L. Edu. Láti òkè òkun, Rufford Foundation ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní owó kékeré, ẹni tó bá ṣe ti àkọ́kọ́ dáadáa lè padà wá fún òmíràn. Mohamed bin Zayed Species Conservation Fund ń fún iṣẹ́ lórí irú ẹ̀yà kan tó wà nínú ewu ní owó tó lè tó 25,000 dọ́là. Ẹ má kọ “ẹranko inú igbó” sí wọn, ẹ dárúkọ ẹ̀yà náà. Conservation Leadership Programme fẹ́ ẹgbẹ́ tí ó ní ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Owó kékeré ti GEF, àpò owó àgbáyé fún àyíká, tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń bójú tó, ẹgbẹ́ ará ìlú ni wọ́n ń fún, kì í ṣe yunifásítì. Olùkọ́ tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ ní láti bá ẹgbẹ́ tó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ohun méjì ló ń jẹ owó yìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ni ófáhẹ́ẹ̀dì, ìdá tí yunifásítì ń yọ fún iná, ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ti di mílíọ̀nù mẹ́ta àti 600,000. Àwọn onígírántì kékeré kan kì í san án rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì ṣáájú bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀, kí ẹ sì gba lẹ́tà, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró lójú ayẹ̀wé-owó-wò.

Èkejì ni dọ́là. Kámẹ́rà, awò ojú-ọ̀nà-jíjìn àti ẹ̀rọ GPS, òkè òkun ni gbogbo wọn ti ń wá. Ká ní kámẹ́rà 10 jẹ́ 2,000 dọ́là. Ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní báńkì, kọ ₦920,000. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024 dọ́là kan ti lé ní ₦1,400, tó fi jẹ́ pé owó kan náà kò ra ju kámẹ́rà mẹ́ta lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìwé sọ ohun tí a ó ṣe bí owó bá já: ọ̀nà wo la ó kọ́kọ́ gé, iye ẹ̀rọ wo ló kéré jù tí ìbéèrè náà ṣì máa dúró lé. Ẹlòmíràn máa ń ya kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn, a sì lè kọ ìyẹn náà sínú ìṣúná gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́ tí kì í ṣe owó.

Àsìkò náà ń pa iṣẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nígbà òjò, bí owó bá sì dé ní oṣù kọkànlá, olùwádìí ọ̀pọ̀lọ́ yóò jókòó títí di oṣù kẹrin. Àwọn onígírántì ní ọ̀nà fún èyí: wọ́n lè fi oṣù kún àkókò láìfi owó kún un. Ṣùgbọ́n kí àkókò tó tán la ti ń béèrè, pẹ̀lú ìdí àti ọjọ́ tuntun. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n lè ti pa àkáǹtì rẹ̀ dé.

Rìsíìtì ló kù. Nínú ọ́fíìsì, rítáyà ni wọ́n ń pè é: gbogbo owó tí a gbà ní ìpele kan, ká fi rìsíìtì hàn kí ìpele kejì tó jáde. Ọlọ́kadà kì í fúnni ní rìsíìtì, ẹni tó ń mú wa wọ igbó kì í ní. Kí a ṣe ìwé kékeré tó ní ọjọ́, iye, iṣẹ́ àti ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka, kí a sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí a san án gan-an. Bọ́sà tó gbọ́n yóò gbà á bí a bá ti jọ sọ ọ́ ṣáájú. Bákan náà, ewé tí a bá já láti dá mọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé àkójọ ewé, irú èyí tó wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, iye ẹranko tí a kà sì gbọ́dọ̀ lọ síbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i, bíi GBIF, àkójọ àgbáyé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹranko àti ewéko. Púpọ̀ nínú àwọn olówó ti fi èyí sínú àdéhùn, wọn kì í sì í san ìdá tó kẹ́yìn títí wọn yóò fi rí i.