Àpótí òǹtẹ̀ tó ń tán kí a tó sanwó: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Àwọn tó ń fọwọ́ ṣe káàdì ìkíni mọ ìbínú yìí dáadáa. Ilé iṣẹ́ kan á kéde pé àpótí òǹtẹ̀ tuntun ń bọ̀, wọ́n á gbé àwòrán rẹ̀ jáde, gbogbo wa á máa ṣọ́ aago. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó kọ àdírẹ́sì, ẹ ó wá káàdì báńkì nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n á sì ní ó ti tán. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yìí nìwọ̀nyí, àwọn tó wà lókè òkun àti àwọn tó wà nílé.

Ìbéèrè: Kí ló wà nínú àpótí yìí gan-an tí àgbàlagbà fi ń jà sí i?

Òǹtẹ̀ ni olórí ẹrù inú rẹ̀. Kì í ṣe òǹtẹ̀ onígi tí akọ̀wé kóòtù ń lù mọ́ ìwé o. Èyí mọ́ gaara, ó rọ̀, ó sì ń lẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ike tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, tó fi jẹ́ pé láti òkè la ti ń rí ibi tí òdòdó máa bọ́ sí lórí pépà. Lẹ́yìn òǹtẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà tí a ń pè ní dáì. Tí ẹ bá gbé e lé orí òdòdó tí ẹ ti tẹ̀, tí ẹ yí i gba inú ẹ̀rọ, á gé e yípo rẹ́gí. Ìyókù ni pépà líle aláràbarà, yíǹkì kékeré, ríbọ́ọ̀nù, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àpò lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ tó bára mu.

Amẹ́ríkà ni ọjà yìí ti gbóná gan-an. Simon Says Stamp ní ìpínlẹ̀ Ohio máa ń gbé àpótí jáde lóṣooṣù. Tí oṣù kẹsàn-án bá dé, wọ́n á sọ ọ́ ní STAMPtember, òun àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn á wá máa gbé òǹtẹ̀ àkànṣe jáde títí oṣù á fi parí. Stampin' Up!, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Utah, ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Paper Pumpkin, èyí tí oníbàárà ń forúkọ sílẹ̀ tó sì ń sanwó fún lóṣooṣù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé iye kan pàtó ni wọ́n ń ṣe nínú irú àpótí báyìí, wọn kì í sì í sábà tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò mọ̀ pé ó ń tán ni? Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe púpọ̀?

Wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí wọ́n ń pinnu iye tí wọ́n máa ṣe. Oṣù mélòó kan ṣáájú kí ẹ tó rí àwòrán yẹn ni ilé iṣẹ́ ti pinnu, tí ó sì ti sanwó. Kò sí oníbàárà kan tó tíì rí i nígbà náà. Àfojúsùn lásán ni wọ́n fi ń ṣòwò.

Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fa wàhálà. Omi ló jẹ́ kó tó di òǹtẹ̀. Wọ́n á tẹ àwòrán sórí fíìmù, wọ́n á da photopolymer (ike olómi tó ń le tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án) sí i, wọ́n á sì tan ìtànṣán ultraviolet sí i lára. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ráàyè kọjá nínú fíìmù á le, ibi tí dúdú bá bò kò ní le, wọ́n á fọ èyí tí kò le dànù. Nígbà tí fíìmù bá ti wà nílẹ̀, kò ṣòro láti tún òǹtẹ̀ mìíràn ṣe. Ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fi lè tán lónìí kó sì padà sórí igbá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Àpótí ló mú un nira. Ká ní pépà tí wọ́n rí rà tó fún àpótí 2,000, yíǹkì tó fún 2,000, ṣùgbọ́n ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé yẹn kò ju ti 1,200 lọ. Àpótí 1,200 ló máa jáde, kò sí bó ṣe lè jẹ́. Ohun tó kéré jù nínú ẹrù ló ń pàṣẹ fún ìyókù. Tí wọ́n bá sì fẹ́ tún un ṣe, wọ́n á ní láti tún gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà: ríbọ́ọ̀nù láti ọwọ́ ẹni kan, ìlẹ̀kẹ̀ láti ọwọ́ ẹlòmíràn, dáì tí wọ́n ń fi kẹ́míkà jẹ lára irin, tó sì jẹ́ pé Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá. Tó bá bọ́ sí àkókò ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì, àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ á ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á lọ sílé. Ọkọ̀ ojú omi náà ò ní kánjú nítorí káàdì.

Ohun tó sì ń ba oníṣòwò lẹ́rù jù ni èyí tó ṣẹ́ kù. Àpótí Kérésì tí kò tà nínú oṣù kejìlá, ta ni yóò rà á ní oṣù kejì? Owó ti há sínú rẹ̀, ó tún ń gba àyè ní ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń san owó rẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá máa ṣi iye tí wọ́n máa ṣe, wọ́n á kúkú jẹ́ kó dín. Tó bá dín, ẹ̀yin lẹ máa bínú. Tó bá lé, àwọn ló máa jẹ gbèsè.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n ń dá, kí a lè máa sáré ra ohun tí a ò nílò?

Ọgbọ́n wà níbẹ̀, n ò ní parọ́ fún yín. Ní 1975, Stephen Worchel, Jerry Lee àti Akanbi Adewole (orúkọ kẹta yẹn ò ní ṣàjèjì sí yín) tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Bisikíìtì ni wọ́n fi ṣe é. Ìgò tí wọ́n gbé síwájú àwọn kan ní bisikíìtì 10 nínú, ti àwọn mìíràn sì ní 2 péré. Bisikíìtì kan náà ni o. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí 2 ló fẹ́ ẹ jù, àwọn ló sì sọ pé owó rẹ̀ yẹ kó pọ̀ jù. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni ti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé 10 fún, tí wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fi 2 rọ́pò rẹ̀. Ojú àwọn yẹn tún wọ bisikíìtì náà ju ti ẹni tó bá 2 nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé àwọn ẹlòmíràn ló fẹ́ ẹ ni wọ́n ṣe kó o lọ.

Wọn ò kúkú sọ pé ó dùn lẹ́nu jù. Wọ́n kàn fẹ́ ẹ ni.

Nítorí náà, nígbà tí ilé ìtajà bá gbé aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn síwájú yín, tàbí tó kọ ọ́ pé díẹ̀ ló kù, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èrò tèmi ni pé ìbẹ̀rù àtikó ọjà jọ ló kọ́kọ́ mú wọn máa ṣe díẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n rí i pé díẹ̀ ń yá lọ́wọ́ ni wọ́n wá sọ ọ́ di àṣà. Ibi tí mo ti ń dá wọn lẹ́bi ni kí wọ́n máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta polówó ohun tí wọ́n mọ̀ pé kò ní ju wákàtí kan lọ.

Ìbéèrè: Tí ọjà bá ń tán kíákíá báyẹn, kí ló dé tí wọn ò fi owó lé e?

Nítorí pé inú á bí yín ju báyìí lọ. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler, bi àwọn ará Kánádà léèrè ohun tó jọ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1986. Ilé ìtajà kan ń ta ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín ní dọ́là 15. Yìnyín ńlá bọ́ lóru, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ ọ́ di dọ́là 20. Ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi ló ní ìwà náà kò dára. Ẹni tó pàdánù àpótí kan á kùn, àmọ́ á padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lè má padà mọ́.

Ìbéèrè: Mo ti gbé e sínú agbọ̀n, wọ́n tún ní ó ti tán. Ṣé kì í ṣe jìbìtì nìyẹn?

Rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí owó bá wọlé ni ọjà tó di tiyín. Agbọ̀n yẹn kò pa nǹkan kan mọ́ fún yín. Ẹni tó ti tọ́jú àdírẹ́sì àti nọ́ḿbà káàdì rẹ̀ síbẹ̀ ṣáájú á sanwó nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń wá orúkọ àdúgbò yín. Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì fi nǹkan mìíràn kún agbọ̀n náà. Àwọn tó ń yẹ yíǹkì wò lọ́wọ́ ni ọjà ń tán mọ́ lójú.

Ìbéèrè: Ṣé rọ́bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ra ọjà fúnra rẹ̀, ló ń rà á?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, mi ò kàn rò pé òun ni olórí ìṣòro. Amẹ́ríkà ní òfin kan láti 2016 tí wọ́n ń pè ní BOTS Act, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ìran àti eré ìdárayá nìkan ló kàn. Òǹtẹ̀ òdòdó kò sí níbẹ̀. Àwọn alárobọ̀ tó ń ra mẹ́ta mẹ́rin láti lọ tún un tà ni mo máa ń rí jù, ilé ìtajà tó bá sì fẹ́ dá wọn dúró lè pàṣẹ pé ẹyọ kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rà. Ìyókù, ẹ̀yin ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó fẹ́ràn ohun kan náà tí ẹ fẹ́ràn, tí gbogbo wọn tẹ bọ́tìnnì ní aago kan náà.

Ìbéèrè: Èkó ni mo wà. Aago mélòó ni tiwa bá jẹ́ mẹ́wàá àárọ̀ níbẹ̀?

Tó bá jẹ́ àkókò ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò, bíi ti Ohio, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni nígbà òtútù wọn. Àwọn ló ń yí aago padà, Nàìjíríà kì í yí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn nínú oṣù kọkànlá.

Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ní tiwọn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló sábà ń jẹ́, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ń yí aago ní Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ń dúró di Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà. Láàárín méjèèjì, aago méjì ni. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láàárín ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ẹ má sì gbàgbé owó orí: láti 2021, tí iye ẹrù kò bá ju £135 lọ, ẹni tó tà á ló yẹ kó gba VAT ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń sanwó. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu bodè lẹ ti máa san án, owó kọ́sítọ́ọ̀mù náà sì lè kún un.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ń tà á lórí eBay ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣé kí n rà á?

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú àpótí náà níkọ̀ọ̀kan. Pépà, ríbọ́ọ̀nù àti ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀, ẹ máa rí irú wọn níbòmíràn lówó pọ́ọ́kú. Òǹtẹ̀ nìkan ni ẹ ń lé. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó ti lo pépà tirẹ̀ tán tó sì fẹ́ ta òǹtẹ̀ náà lọ́tọ̀, wọ́n pọ̀. Kí àwọ̀ yíǹkì tó ti mọ́ ọn lára má bà yín lẹ́rù, kò ní kó má tẹ̀ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú olówó kékeré. Yàtọ̀ sí pé ó ń jí iṣẹ́ ayàwòrán, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ òǹtẹ̀ ní ìlànà tó gbà yín láyè láti ta káàdì tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fi òǹtẹ̀ wọn ṣe. Ayédèrú ò lè fún yín ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ta káàdì ìkómọ àti ìgbéyàwó nílò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà tà á ni?

Ó wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kó aṣọ ẹbí rí mọ̀ ọ́n. A ó fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́, a ó dá ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, iye ẹni tó bá san ni iye tí a ó rà. Ẹni tó bá pẹ́, ó mọ̀ pé òun ló pẹ́. Ilé iṣẹ́ òǹtẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀: kí wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n gba owó, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Paper Pumpkin ń rìn ní ọ̀nà tó jọ ọ́, nítorí ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ ti jẹ́ kí wọ́n mọ iye ẹrù tó yẹ.

Àléébù rẹ̀ ni ìdúró. Àpótí tí ẹ sanwó rẹ̀ ní oṣù karùn-ún lè má dé títí di oṣù kẹsàn-án, àwọn oníbàárà tó sì ń pariwo pé ọjà tán ni wọ́n á tún máa pariwo pé ọjà pẹ́. Síbẹ̀, ìyẹn ni mo fara mọ́. Ariwo oṣù mẹ́rin sàn fún mi ju kí n máa ṣọ́ aago lórí iṣẹ́ ọ̀gá.

Ìbéèrè: Mo ní mẹ́ta nílé tí n ò tíì ṣí. Ṣé wọ́n máa ń bàjẹ́?

Ẹ mà ṣí i o. Yíǹkì àti gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ń gbẹ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Òǹtẹ̀ photopolymer máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí ìtànṣán oòrùn bá ń tà sí i. Tí oòrùn bá pọ̀ jù lára rẹ̀, á le, á sì lè máa ya. Inú dúrọ́ọ̀ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́. Omi àti ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó láti fi fọ̀ ọ́.