Ẹ̀tọ́ ọmọ bíbí lójú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lágbàáyé

Ẹ̀tọ́ ọmọ bíbí ni ẹ̀tọ́ tí tọkùnrin tobìnrin ní láti pinnu iye ọmọ tí wọn yóò bí àti ìgbà tí wọn yóò bí wọn, kí wọ́n sì rí ìtọ́jú gbà kí oyún tàbí ìrọbí má baà gbẹ̀mí ìyá. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, bíi níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, "ẹ kú ewu ọmọ" ni wọ́n fi ń kí ìyá ìkókó. Ewu tí wọ́n ń kí i fún yìí ni òfin àgbáyé ní kí ìjọba máa jíhìn lé lórí.

Ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó wáyé ní Tehran, lórílẹ̀-èdè Iran, lọ́dún 1968, ló kọ́kọ́ kéde ẹ̀tọ́ yìí, àwọn òbí nìkan ló sì dárúkọ. Àdéhùn CEDAW ti 1979, èyí tí àgbáyé ṣe láti fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ obìnrin, wá fún obìnrin ní tirẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọkùnrin, nínú abala 16. Nàìjíríà gbà láti máa tẹ̀ lé e ní 1985.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 23 ló ń ṣọ́ àdéhùn náà. Ó kéré tán, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ló yẹ kí ìjọba kọ ìròyìn ránṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ aládàáni a sì máa kọ tiwọn, níbi tí ohun tí ìjọba fò dá ti sábà máa ń hàn. Ìgbìmọ̀ náà kò ní ọlọ́pàá. Síbẹ̀, ní 2011, ó dá Brazil lẹ́bi lórí ikú Alyne da Silva Pimentel, aláboyún tí ìtọ́jú rẹ̀ falẹ̀ títí ó fi kú ní 2002. Pé ilé ìwòsàn aládàáni ló kọ́kọ́ lọ kò yọ ìjọba nínú ẹ̀bi. Láti 2004 ni Nàìjíríà náà ti gbà kí ẹnìkan lè fẹjọ́ ìjọba sun ìgbìmọ̀ yìí, nítorí náà obìnrin Ṣàgámù tó bá ti lo gbogbo ilé ẹjọ́ ilẹ̀ wa tán lè kọ̀wé sí wọn.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Olikoye Ransome-Kuti ní 1927. Nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láàárín 1985 sí 1993, ni ìjọba gbé ìlànà lórí iye ènìyàn orílẹ̀-èdè ti 1988 jáde, tó ní kí obìnrin kan má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Obìnrin nìkan ni wọ́n ka ọmọ sí lọ́rùn. Ìyàwó mẹ́ta, ọmọ méjìlá: ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lọ́jà Òkè-Àjẹ lè ṣe nìyẹn, àwọn alátakò ìlànà náà sì ṣe é.

Ohun kékeré ni àwọn olùṣọ́ ń wò. Obìnrin dé ibi ìfètò-sọ́mọ-bíbí pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Bàbá wọn ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́ sí i?" Ìbéèrè lásán kò burú. Àmọ́ bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ dá a padà, ó lòdì sí ìmọ̀ràn kẹrìnlélógún tí ìgbìmọ̀ CEDAW gbé jáde ní 1999.

Iye ìyá tó ń kú gan-an kò dọ́gba nínú ìwé. Ìwádìí ìlera ti Nàìjíríà ní 2018 sọ pé 512 ni, nínú ìbímọ 100,000. Ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún 2020 sọ pé 1,047. Ẹni tó kú sílé agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lè má wọ ìwé kankan.

Lórí oyún ṣíṣẹ́, òfin ìwà ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ Ògùn ń lò gbà á kìkì láti dóòlà ẹ̀mí ìyá. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ti ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ lọ́nà àìtọ́. Àdéhùn Maputo ti ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, tí Nàìjíríà gbà láti máa tẹ̀ lé ní 2004, fi oyún ìfipábánilòpọ̀ kún èyí tí a lè ṣẹ́. Ṣùgbọ́n abala 12 nínú ìwé òfin 1999 ní àdéhùn òkèèrè kò lágbára òfin títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi sọ ọ́ di òfin, wọn kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Maputo.