Ìmúrasílẹ̀ fún ìrìn àyíká Manaslu: ọjọ́ ni a kọ́kọ́ ń tò, kí a tó di ẹrù

Manaslu ni òkè kẹjọ tó ga jù lọ láyé. Mítà 8,163 ni gíga rẹ̀, àgbègbè Gorkha ní Nepal ló sì wà, nítòsí ààlà Tibet. Ọdún 1956 ni Toshio Imanishi, ọmọ Japan, àti Gyalzen Norbu tó jẹ́ Sherpa, ẹ̀yà kan tó ń gbé orí òkè Nepal, kọ́kọ́ dé ṣóńṣó rẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ yí òkè náà ká lónìí kò bá ṣóńṣó yẹn ṣe. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àfonífojì odò Budhi Gandaki gòkè ni wọ́n ń tọ̀. Abúlé kan ni wọ́n ń sùn lálaalẹ́, nínú ilé tíì, ìyẹn ilé àlejò kékeré ojú ọ̀nà, títí wọn yóò fi kọjá ní Larkya La, àlàfo tó wà láàárín àwọn òkè ní gíga mítà 5,106, tí wọn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì. Kò gba okùn, kò gba àáké yìnyín. Ohun tó gbà ni kí ọjọ́ pọ̀ tó. Bàtà dára, jákẹ́ẹ̀tì dára, ṣùgbọ́n ìkánjú ló ń sọ ìrìn yìí di ewu, ilé sì ni wọ́n ti ń dì í mẹ́rù, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fi ọjọ́ méjì dín ètò kù torí owó tàbí torí ìsinmi ibi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló fa èyí. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kì í yí padà: nǹkan bí 21 nínú 100 ni, ìbáà jẹ́ l'Ékòó tàbí lórí Larkya. Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe fún pọ̀ tó ló ń yàtọ̀. Ó dà bí òkìtì aṣọ tí a tò lé ara wọn: tìsàlẹ̀ fún pinpin torí pé gbogbo tòkè ló ń tẹ̀ ẹ́, tòkè sì rọ̀ gbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí mítà 5,000, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kò ju bí ìdajì èyí tó wà létí òkun lọ. Èémí kan ṣoṣo níbẹ̀ kò gbé ju bí ìdajì ọ́síjìn tí ara ti mọ̀ lọ.

Ara mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí i, àmọ́ kò lè ṣe é lóòjọ́. Mímí ni yóò kọ́kọ́ yára. Bí mímí bá ti yára, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí à ń mí síta, ìyẹn carbon dioxide, á jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ìkan inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ásíìdì, á sì dín kù. Ọpọlọ tó ń ṣọ́ ìkan yẹn á wá máa dá mímí dúró, nígbà tí ara sì ń fẹ́ ọ́síjìn sí i. Kíndìnrín ló ń parí ìjà náà: ó ń fi ìtọ̀ lé àpọ̀jù ohun tí kò kan jáde nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì ń gba ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí òkè ń bá lára mu fi máa ń dìde tọ̀ lóru ju ti ilé lọ, àmì rere sì ni. Ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun náà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nìyẹn ń gbà.

Oru ni ìjà yẹn ń le jù. Ẹni tó sùn á mí gùúgùú bíi mélòó kan, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá tó pọ̀ débi pé ẹni tó bá a sùn ní yàrá á fẹ́ jí i, á tún wá fa èémí ńlá kan. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òun ló fà á tí àwọn oníṣègùn òkè fi ń ka ibi tí èèyàn sùn sí, tí wọn kì í ka ibi tó gùn dé lọ́sàn-án. Ìlànà wọn ni pé bí èèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibùsùn òní má fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ, kó sì sùn lẹ́ẹ̀mejì sójú kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìlànà yẹn lé ọ̀nà Manaslu. Láti Kathmandu, ọkọ̀ jíìpù á gbé èèyàn dé Machha Khola, tí kò ga tó mítà 1,000. Jagat àti Deng ló kàn. Ooru ṣì wà níbẹ̀, wàhálà rẹ̀ kò sì ju àtẹ̀gùn òkúta àti afárá onírin tó ń mì lórí odò lọ. Namrung, ní nǹkan bí 2,630, ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ètò olówó pọ́ọ́kú á ní kí èèyàn ti Namrung dé Samagaun, tó wà ní nǹkan bí 3,530, lóòjọ́. Mítà 900 nìyẹn. Ètò tó mọ́yán lórí á sùn ní Lho, ní nǹkan bí 3,180, kó tó dé Samagaun lọ́jọ́ kejì, á sì sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ àdúrósí yẹn kì í ṣe ọjọ́ ìjókòó o. Wọ́n á gun ọ̀nà ilé ìsìn Pungyen tàbí ọ̀nà àgọ́ àwọn tó ń gun Manaslu, wọ́n á wá padà wá sùn nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Samdo, ní nǹkan bí 3,870, àti Dharamsala, ní nǹkan bí 4,460. Láàárín àwọn méjèèjì yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 600, ó sì ju ìwọ̀n lọ. Kò sí abúlé láàárín wọn tí èèyàn lè sùn, nítorí náà oorun méjì ní Samdo ló yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ mú òun lọ mọṣẹ́, kó bi wọ́n ní iye oorun tó wà ní Samagaun àti Samdo kó tó bi wọ́n ní iye owó.

Orí fífọ́, àìrí oúnjẹ jẹ, èébì àti àárẹ̀ tó kọjá ti ìrìn ni àmì àkọ́kọ́ pé òkè ti ṣáájú ara. Ẹni tó bá ní in, ibi tó wà ni kó dúró sí, kó má gùn sí i títí yóò fi lọ. Bí kò bá lọ, kó sọ̀ kalẹ̀. Ohun méjì ló wà tí kò ṣe é dúró wò rárá. Èkíní ni kí omi gba ẹ̀dọ̀fóró: èèyàn jókòó, kò ṣiṣẹ́ kankan, síbẹ̀ kò lè mí dáadáa, ikọ́ rẹ̀ sì ń dún bí ẹni pé omi wà láyà. Èkejì ni kí ọpọlọ wú. Afọ̀nàhàn a máa dán èyí wò báyìí: á fa ìlà tààrà sílẹ̀, á ní kí ẹni náà máa rìn lórí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀, ìbáà jẹ́ òru ọ̀gànjọ́. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ìwòsàn. Oògùn àti ọ́síjìn inú agolo kàn ń ra àkókò ni.

Oògùn Diamox tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú lọ kì í bo àmì mọ́lẹ̀ bí àwọn kan ṣe rò. Kíndìnrín ló ń mú yára ṣe iṣẹ́ tó ti fẹ́ ṣe. Miligíráàmù 125 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ìwọ̀n ìdènà tí wọ́n sábà ń kọ fún àgbàlagbà, láti ọjọ́ tó ṣáájú gígùn. Ìka ọwọ́ lè máa ta ṣínṣín, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò á sì di bákan lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí èèyàn ti gbà á, pàápàá ẹni tí oògùn sulfa kì í bá lára mu.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó kan àwa Yorùbá gan-an, ìyẹn jẹ́nótáìpù. Ìrìn yìí léwu púpọ̀ fún ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, torí àìtó ọ́síjìn ni ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn dà bíi dòjé. Kò sí ètò ọjọ́ tó lè mú ewu yẹn kúrò. Ẹni tó jẹ́ AS, tó tó bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà, sábà máa ń gòkè láìsí ìṣòro. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn ti rí AS tí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ọlọ inú wọn mọ́, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, níbi gíga, tí kò sì hàn ṣáájú pé wọ́n ní àìsàn kankan. Bí inú bá ń run AS lápá òsì lókè, nígbà tó wà lórí òkè, kó má pè é ní inú rírun oúnjẹ. Kó sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ kí afọ̀nàhàn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Kathmandu, torí pé orí fífọ́ àti èébì ni wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣọ́.

Ní ti ìwé, Nepal kì í fún ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní físà ní pápákọ̀ òfurufú Kathmandu. Iléeṣẹ́ aṣojú Nepal ni yóò ti gbà á kó tó gbéra. Ọmọ wa tó mú páásípọ́ọ̀tù Bírítéènì tàbí Amẹ́ríkà lè gbà á nígbà tó bá dé: 50 dọ́là fún ọjọ́ 30. Manaslu tún jẹ́ agbègbè tí ìjọba ń ṣọ́, kò sẹ́ni tó lè dá wọ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni yóò gba ìwé àṣẹ, afọ̀nàhàn tó ní ìwé ẹ̀rí ni yóò sì bá èèyàn lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá, 100 dọ́là ni fún ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, 15 dọ́là fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní àwọn oṣù yòókù, 75 àti 10 ni. Owó ìwé àwọn ọgbà ààbò Manaslu àti Annapurna tún wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìwé àṣẹ náà, nítorí náà kí wọ́n ti ka ọjọ́ àdúrósí mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àfikún 15 dọ́là má bàa sọ ọjọ́ ìsinmi di ohun tí wọ́n ń fojú fò.

Ilé tíì ní ètò tirẹ̀. Yàrá pọ́ọ́kú ni: ibùsùn méjì, ògiri pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ikọ́ aládùúgbò ń gbà wọlé, kò sí iná móoru. Oúnjẹ ni onílé ń rí èrè nídìí ẹ̀, nítorí náà ibi tí èèyàn bá sùn ni yóò ti jẹun alẹ́ àti ti àárọ̀, ẹni tó bá lọ jẹun níbòmíràn ti fi onílé gbófo. Ìwé kékeré kan á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, oníkálukú á kọ ohun tó fẹ́ jẹ sí i àti aago tó fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ tó bá kọ oúnjẹ kan náà á tètè jẹun, torí ààrò kan ni alásè ń lò. Dal bhat, ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ àti ewébẹ̀, ló bọ́gbọ́n mu jù: wọ́n ń bu kún un títí èèyàn yóò fi yó. Ìbaaka àti alábàárù ló ń ru gbogbo ohun tó wá láti ìsàlẹ̀, nítorí náà iye owó ń gòkè bí ọ̀nà ṣe ń gòkè. Ààrò onírin tí wọ́n ń fi igi tàbí ẹlẹ́bọ́tọ gbígbẹ ti yak, màlúù onírun gígùn orí òkè, dá wà ní yàrá ìjẹun nìkan, ibẹ̀ sì ni gbogbo ilé ń jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Omi gbígbóná, ìwẹ̀, àti iná fún fóònù, owó lọ́tọ̀lọ́tọ̀ ni. Rúpìì, owó Nepal, ni kí èèyàn kó láti Kathmandu, títí kan ti ọjọ́ tí kò sí nínú ètò.

Dharamsala ni ibi tó há jù. Kì í ṣe abúlé. Ilé òkúta mélòó kan àti àgọ́ ni. Ní oṣù Kẹwàá, ibùsùn a máa tán, kì í sì í ṣe owó ló ń fúnni ní àyè bí kò ṣe afọ̀nàhàn tó mọ onílé, tó ti pe é láti Samdo. Ìdí mìíràn nìyẹn tí afọ̀nàhàn àdúgbò fi dára ju ẹni tó kàn mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ lọ.

Ẹrù kò gba àlàyé púpọ̀: àpò ìsùn tó lè kojú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín, aṣọ tó ṣe é wọ̀ lérí ara wọn, ìbọ̀wọ́, dígí ojú, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí, oògùn ìfọmọ́ omi, eyín irin tí wọ́n ń kì bọ bàtà. Kí ẹrù alábàárù má wúwo jù, kí aṣọ òtútù àti bàtà tirẹ̀ náà pé kí wọ́n tó kúrò nísàlẹ̀, kí wọ́n sì ti san owó adójútòfò rẹ̀. Ara tirẹ̀ náà ń gun òkè kan náà.

Ní ti ìdánrawò, àtẹ̀gùn òkè Ìdánrè tó lé ní 600 dára fún orúnkún, pàápàá sísọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ni kò lè múra sílẹ̀ níbẹ̀, torí òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, kò ju 2,419 lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko kò ní ààbò lọ́wọ́ àìsàn òkè. Ẹsẹ̀ tó yára ló sábà ń gbé e ga ju ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé lọ.

Ìwé adójútòfò gbọ́dọ̀ sọ gíga ní pàtó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìrìn-àjò lásán kò ka ìrìn tó ga tó 5,106 mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni hẹlikọ́pítà ń gbà. Kí a wá èyí tó kọ ọ́ pé òun gba ìrìn ẹsẹ̀ títí dé 6,000 àti ìgbéni pẹ̀lú hẹlikọ́pítà, kí nọ́ńbà tí wọ́n á pè sì wà lọ́wọ́ afọ̀nàhàn náà. Hẹlikọ́pítà kì í fò nínú kùrukùru o, kì í sì í gba ipò sísọ̀ kalẹ̀.

Bí aago mẹ́ta sí mẹ́rin òru ni wọ́n ń kúrò ní Dharamsala, kí wọ́n lè kọjá Larkya kí ìjì ọ̀sán tó dìde. Sísọ̀ sí Bimthang, ibùsùn tó kàn ní ìhà kejì, gùn, ó sì ń yọ̀. Ibẹ̀ ni eyín irin ti ń wúlò jù. Bí yìnyín púpọ̀ bá wá bọ́ lálẹ́ tó ṣáájú, kò sẹ́ni tó ń kọjá. Àwọn kan á dúró ní Samdo de ọjọ́ tí ojú ọ̀nà á là, àwọn mìíràn á gba ọ̀nà tí wọ́n bá wá padà sí Machha Khola. Ọjọ́ mélòó kan ni èyíkéyìí nínú méjèèjì ń gbà, nítorí náà ó kéré tán, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó ṣófo láàárín òpin ètò àti ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, kí tíkẹ́ẹ̀tì náà sì jẹ́ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ṣe é yí.